Bí Àgbàlagbà Ṣe Lè Kúrò Lẹ́nu Iṣẹ́ Mìíràn Kó Sì Di Nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà

Lọ́dún 1946, olùkọ́ kan láti Èkó, abilékọ tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé-ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Kofoworola Abẹ́ní Pratt ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1964, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ mátíróònù ní UCH, Ìbàdàn. Màmá yìí ni mo máa ń rántí nígbàkígbà tí ẹnìkan bá bi mí pé ṣé ọjọ́ orí òun kò ti kọjá ti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn tó ń béèrè kò lóǹkà: olùkọ́, òṣìṣẹ́ báǹkì, aránṣọ, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ jẹ́lé-ó-sinmi, ọkùnrin tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kógbá sílé.

Kì í ṣe ọjọ́ orí ló ń dá àgbàlagbà dúró lójú ọ̀nà yìí. JAMB kò lé ẹnikẹ́ni nítorí pé ó ti dàgbà. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 ni òfin wọn ń dá padà. Lóòótọ́, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan máa ń kọ iye ọjọ́ orí tí wọn kò ní gbà kọjá sínú ìpolówó wọn, nítorí náà ẹ ka ìpolówó náà dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù. Ohun tó ń ba ìrìn àjò náà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́n ti sanwó kí wọ́n tó béèrè ọ̀rọ̀. Bí a ṣe to nǹkan ní ẹsẹẹsẹ nísàlẹ̀ yìí, ẹ má fo ọ̀kan nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ibi tí ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ já sí

Ní Nàìjíríà, ẹni tí òfin mọ̀ sí nọ́ọ̀sì ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àjọ NMCN, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, tó sì ní ìwé-àṣẹ wọn lọ́wọ́. Kò sí ẹlòmíràn. Ilé-ẹ̀kọ́ yòówù kí wọ́n júwe fún yín, ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ máa jókòó ṣe ìdánwò àjọ yìí níkẹyìn.

Ẹ ó rí pátákó lẹ́bàá títì, ẹ ó sì rí ìpolówó lórí WhatsApp: "Ẹ wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì láàárín oṣù mẹ́fà, a ò béèrè WAEC." Èyí ni wọ́n ń pè ní auxiliary. Ilé-ìwòsàn aládàáni kéékèèké ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe é. Wọ́n á ní kí ẹ rán aṣọ funfun, wọ́n á kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń fa omi sí aláìsàn lára, ẹ ó sì máa ṣiṣẹ́ fún wọn lójoojúmọ́ nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ tún ń sanwó. Ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n máa fún yín níparí rẹ̀, NMCN kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ ò lè fi gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ ò lè fi wọ yunifásítì, ẹ ò sì lè fi ṣe nọ́ọ̀sì lókè òkun. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an, nítorí ẹni tí owó rẹ̀ kéré, tó sì ń wá bí ọwọ́ á ṣe tètè tẹ ẹnu, ló máa ń kó sí i. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣèèṣì fún aláìsàn lóògùn tí kò yẹ, kò sí ìwé-àṣẹ kankan tó máa dáàbò bò ó.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí pàápàá ní ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò. Àjọ NMCN ló ń pinnu iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà lọ́dún. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọlé, ilé-ẹ̀kọ́ á fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí àjọ, àjọ á sì fún yín ní nọ́ńbà. Indexing ni gbogbo nọ́ọ̀sì ń pè é. Ká ní àyè èèyàn 50 ni wọ́n fún ilé-ẹ̀kọ́ kan, tí wọ́n wá gba 90, àwọn tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ kò ní rí nọ́ńbà gbà lọ́dún yẹn, ẹni tí kò bá sì ní nọ́ńbà kò lè ṣe ìdánwò àjọ. Ọmọ ọdún méjìdínlógún lè fara da ọdún kan tó bá ṣòfò. Ẹni ogójì ọdún tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó ń san owó ilé, tó ń bọ́ ọmọ, kò ní ọdún kan tó máa fi ṣòfò.

Nítorí náà, ẹ lọ sí ìkànnì NMCN kí ẹ wò ó bóyá orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà wà níbẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ìfọwọ́sí kíkún ni wọ́n ní tàbí èyí tó ní gbèdéke. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra yín. Ẹ má dúró sí ọ́fíìsì nìkan, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa sọ̀rọ̀ dídùn fún yín. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, kí ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ tó ti lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀, kí ẹ bi í pé: "Ẹ̀yin mélòó lẹ jọ wọlé? Mélòó nínú yín ló ti gba nọ́ńbà?" Wọ́n á sọ òótọ́ fún yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yọ èsì WAEC yín síta

Kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè: èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì, ìjókòó ìdánwò kò sì gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Ibí ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti ń yà kúrò lọ́nà. Digirí tí ẹ ní nínú ìmọ̀ ìṣèlú tàbí ìṣirò owó kò lè rọ́pò físíìsì. Ẹni tó jẹ́ pé kíláàsì àwọn oníṣòwò tàbí ti lítíréṣọ̀ ló wà ní sẹ́kọ́ńdírì máa ní láti padà lọ ṣe ìdánwò, kò sì sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

WAEC ní ìdánwò fún àwọn tí kò sí nílé-ìwé mọ́, wọ́n ń ṣe ti àkọ́kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n sì ń ṣe ìkejì tí ọdún bá ti rìn jìnnà. NECO náà ní tiwọn fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má tíì fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ títí èsì yìí á fi jáde. Ẹ wá lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ń lọ, kí ẹ jókòó láàárín wọn. Físíìsì ló máa ń ba èèyàn lẹ́rù jù, àmọ́ ìbéèrè rẹ̀ máa ń tún ara wọn ṣe láti ọdún dé ọdún: ìyára, agbára, iná mànàmáná, ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìbéèrè ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí kò kàn ka ìdáhùn inú ìwé, á rí i pé òun mọ̀ ju bí òun ṣe rò lọ.

Ẹ sá fún ibi tí wọ́n ń pè ní "miracle centre", níbi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn fún èèyàn. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ máa ń yẹ èsì wò lọ́dọ̀ WAEC. Kódà tí àṣírí kò bá tú, kẹ́mísìrì tí ẹ kò mọ̀ náà ló máa dìde sí yín ní ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ń kọ́ yín nípa bí ara ṣe ń lo iyọ̀, súgà àti omi.

Ohun kan wà tí kì í dààmú ọmọdé, àgbàlagbà ló ń dààmú: orúkọ. Orúkọ bàbá ló wà lórí èsì WAEC ọ̀pọ̀ obìnrin, orúkọ ọkọ ló wà lórí NIN wọn, ọjọ́ ìbí tó wà lórí ìkan kò sì bá ìkejì mu. Inú NIN ni JAMB ti ń mú orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Tí wọn kò bá dọ́gba, gbogbo ìwé tí ẹ máa gbà lẹ́yìn náà ló máa ru wàhálà yẹn, títí dé ìwé-àṣẹ NMCN. Ẹ tún un ṣe lọ́dọ̀ NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ fún ohunkóhun. Ẹ wá ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ìbúra láti kọ́ọ̀tù àti ìwé ìròyìn tí wọ́n ti kéde ìyípadà orúkọ, kí ẹ fi gbogbo wọn sínú fáìlì kan ṣoṣo.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yan ilẹ̀kùn tí ẹ máa gbà wọlé

Ilẹ̀kùn méjì ló wà. Èkíní ni yunifásítì, ọdún márùn-ún gbáko. Lára àwọn ti ìjọba nílẹ̀ Yorùbá ni UI, tó bẹ̀rẹ̀ digirí nọ́ọ̀sì ní 1965, OAU ní Ilé-Ifẹ̀, UNILAG àti LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lára àwọn aládàáni ni Babcock, Bowen àti Afe Babalola. Owó tiwọn wúwo gan-an. Nínú JAMB, Gẹ̀ẹ́sì, báyọ́lọ́jì, físíìsì àti kẹ́mísìrì ni ẹ máa ṣe. Ẹni tó ti ní digirí nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lè béèrè lọ́wọ́ yunifásítì tó wù ú bóyá wọ́n á gbà á sí ọdún kejì, nítorí ìlànà wọn kò dọ́gba.

Ilẹ̀kùn kejì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì, èyí tí à ń pè ní School of Nursing tẹ́lẹ̀, tó ti ń yí sí ètò ND àti HND. Ti ìjọba Ọ̀yọ́ wà ní Ẹlẹ́yẹlẹ̀, ti Èkó wà ní Igando. UCH àti LUTH ní tiwọn nínú ọgbà ilé-ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Sacred Heart ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, ilé-ìwòsàn tó ti wà láti 1895. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀nyí ní fọ́ọ̀mù tiwọn, ìdánwò tiwọn àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tiwọn, lẹ́yìn JAMB. Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà, wọ́n á bi yín pé kí ló dé tó jẹ́ ìsinsìnyí. Ẹ má ṣe sọ pé nítorí àtilọ òkè òkun. Ẹ sọ ohun tí ẹ ti ṣe rí: pé ẹ tọ́jú ìyá yín nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú un, tàbí pé ọmọ ilé-ìwé tó dákú ní kíláàsì yín ni ẹ gbé lọ sí ilé-ìwòsàn.

Èwo ni kí ẹ yàn? Fún ẹni tó ti kọjá ọdún 35, tí ilé gbára lé owó tó ń wọlé fún un, kọ́lẹ́ẹ̀jì tó sún mọ́ ilé ni mo máa ń júwe. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì, oṣù Kẹwàá ló tó parí. Àgbàlagbà tó wà ní yunifásítì ìjọba gbọ́dọ̀ ka irú ìyẹn mọ́ ọdún márùn-ún rẹ̀. Tí ẹ bá ti di nọ́ọ̀sì láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ ṣì lè fi NOUN, yunifásítì ìjọba tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jínjìn, tàbí yunifásítì mìíràn gba digirí nígbà tí owó oṣù ti ń wọlé. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì NOUN wà fún ẹni tó ti jẹ́ nọ́ọ̀sì oníwèé-àṣẹ tẹ́lẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ lè ti ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan, owó yín ló ń wá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ lọ wo iṣẹ́ náà kí ẹ tó fi tiyín sílẹ̀

Funfun aṣọ nọ́ọ̀sì nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn rí. Ẹ bẹ nọ́ọ̀sì tí ẹ mọ̀ kó sọ bí iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn ṣe lọ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ má sì já a lẹ́nu. Tí ẹbí yín kan bá wà ní wọ́ọ̀dù, ẹ gbà láti bá a sùn níbẹ̀. Ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ pa ibùsùn rẹ̀ dà, ẹ gbọ́ òórùn ibẹ̀ ní aago mẹ́ta òru. Tí ara yín bá kọ̀ ọ́ pátápátá, ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n báyìí.

Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ara pẹ̀lú, pàápàá ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, nítorí gbígbé aláìsàn kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú irú B, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbà á láàárín oṣù mẹ́fà, torí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó wọ wọ́ọ̀dù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Owó àti ilé

Ẹ má fi owó ọdún àkọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Ẹ gba ìwé owó sísan fún gbogbo ọdún lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti fẹ́ parí: owó ìgbàwọlé, ilé gbígbé, aṣọ, bàtà, ìwé, owó indexing, owó ìdánwò àjọ, owó ọkọ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn tí wọ́n bá pín yín sí. Ẹ ròó pọ̀, kí ẹ sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé e, nítorí owó ilé-ìwé kì í dúró sójú kan.

Òṣìṣẹ́ ìjọba lè béèrè fún ìsinmi ẹ̀kọ́, yálà èyí tó ní owó oṣù tàbí èyí tí kò ní. Ẹ kọ lẹ́tà náà kí ẹ tó kọ ti ìfiṣẹ́sílẹ̀. Owó kọ́ọ̀pù àti èsúsú ló dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lè béèrè lọ́wọ́ NELFUND, ètò ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣí ní 2024, tí kò ní èlé. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ilé-ẹ̀kọ́ yín wà lórí àkọsílẹ̀ wọn. Ẹ má sún mọ́ àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù.

Iṣẹ́ wo ló lè bá ẹ̀kọ́ rìn? Aránṣọ, onídìrí, ẹni tó ń ta ọjà tó ní ọmọ iṣẹ́, wọ́n lè rọ́nà gbé e gbà. Iṣẹ́ ọ́fíìsì aago mẹ́jọ sí márùn-ún kò lè ṣeé ṣe, nítorí àárọ̀, ọ̀sán àti òru ni wọ́n máa pín yín sí ní wọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ ilé ni kí ẹ jókòó sọ gidi. Ẹ pe ọkọ tàbí aya, ẹ pe ìyá tàbí àbúrò tó máa dúró ti àwọn ọmọ, kí ẹ sọ ọ́ ní kedere pé: lálẹ́ ọjọ́ báyìí, èmi ò ní sí nílé, ta ló máa sùn ti ọmọ? Ta ló máa mú wọn lọ sílé-ìwé tí mo bá ń ti wọ́ọ̀dù bọ̀ láàárọ̀ tí oorun ń kùn mí? Ìlérí pé "Ọlọ́run á ṣe é" kò tó. Ẹ dárúkọ ẹni náà, kí ẹni náà sì gbà lójú gbogbo ilé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Nínú kíláàsì àti ní wọ́ọ̀dù

Ọdún àkọ́kọ́ ló le jù fún àgbàlagbà, nítorí orúkọ egungun, iṣan àti ẹ̀yà ara pọ̀ bí iyanrìn. Ẹ wá àwọn ọmọ kékeré méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ jọ máa kàwé. Orí wọn yá ju tiyín lọ nínú rírántí. Ẹ̀yin náà á sì mọ bí èèyàn ṣe ń jókòó ti iṣẹ́ kan títí á fi parí.

Ìṣirò òògùn ni kí ẹ mú ní ọ̀kúnkúndùn. Ẹ wo èyí: dókítà ní kí aláìsàn gba mílílítà 500 omi láàárín wákàtí mẹ́rin. Ẹ wo ara páálí ọ̀pá omi náà, ìyẹn rọ́bà tí omi ń gbà wọ ara aláìsàn, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìkán 20 ló ń ṣe mílílítà kan. 500 lọ́nà 20 jẹ́ 10,000. Wákàtí mẹ́rin jẹ́ ìṣẹ́jú 240. Tí ẹ bá pín 10,000 sí 240, ó jẹ́ 41 àti díẹ̀, ẹ ó mú un sí 42. Ìkán 42 ni omi gbọ́dọ̀ máa kán ní ìṣẹ́jú kan; ẹ dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú aago lọ́wọ́ kí ẹ kà á. Tó bá jẹ́ ọ̀pá tí ìkán 15 ń ṣe mílílítà kan ni, 31 ló máa jẹ́. Ẹni tí kò wo ara páálí á sáré fa omi tó pọ̀ jù sí arúgbó tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, omi náà sì lè kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ máa ṣe irú ìṣirò yìí márùn-ún lójoojúmọ́ títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n.

Wọ́ọ̀dù ló ní ohun tí kò sí nínú ìwé. Nọ́ọ̀sì tó máa jẹ́ ọ̀gá yín lè jẹ́ ọmọ ọdún 25, ẹgbẹ́ àbúrò yín pátápátá. Ẹ pè é ní Sister, kí ẹ sì fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ lójú aláìsàn. Tó bá bá yín wí nítorí pé ẹ kò fọ ọwọ́ láàárín aláìsàn méjì, ẹ dúpẹ́, ẹ lọ fọ ọ́. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tó gbọ́n dáadáa tó sọ pé "ṣé èmi ni ọmọ yìí ń bá sọ̀rọ̀ báyìí?", láti ọjọ́ yẹn kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́ ọ ní nǹkan kan mọ́ ní wọ́ọ̀dù náà.

Ewu kejì ni pé ojú yín máa jọ ti ọ̀gá. Ẹbí aláìsàn á wọlé, wọ́n á wo gbogbo yín, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa kọ orí sí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nọ́ọ̀sì àgbà, omi bàbá wa ti tán, ẹ bá wa pààrọ̀ rẹ̀." Ó máa ń wu èèyàn láti ṣe é, torí àánú. Ẹ má fọwọ́ kàn án tí ẹnikẹ́ni kò bá dúró tì yín. Ẹ sọ pé: "Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ẹ jẹ́ kí n pe nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́," kí ẹ sì lọ pè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ibi tí ọjọ́ orí yín ti wúlò jù ni ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Bàbá arúgbó tó kọ̀ kí ọmọdébìnrin wẹ òun, tó ń tijú, á gbà fún yín. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ á di ọwọ́ yín mú torí ó mọ̀ pé ẹ ti bímọ rí.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìdánwò àjọ, iṣẹ́ àkọ́kọ́, àti òkè òkun

Lẹ́yìn tí ẹ bá yege nínú ìdánwò NMCN, ẹ ó forúkọ sílẹ̀, ẹ ó sì gba ìwé-àṣẹ. Ẹni tó jáde ní yunifásítì á ṣe ọdún kan gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà, pẹ̀lú owó oṣù. Ẹ máa wá àyè rẹ̀ kiri láti ìgbà tí ẹ bá wà ní ọdún tó kẹ́yìn, nítorí àwọn tó ń wá a pọ̀. Ẹni tó bá ti kọjá ọdún 30 nígbà tó gboyè kò ní sin ìlú. Ìwé ìyọ̀ǹda NYSC ni wọ́n máa fún un, kó sì pa á mọ́ dáadáa.

Ní ti òkè òkun, láti 2024 ni NMCN ti ṣòfin pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tó gba ìwé-àṣẹ kí àjọ tó fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹ ka ọdún méjì yẹn mọ́ ètò yín. Ẹ má fi wọ́n ṣòfò sí ilé-ìwòsàn tí ẹ kò ti ní rí nǹkan kọ́. Wọ́ọ̀dù tí iṣẹ́ pọ̀ sí, tí àwọn àgbà sì wà, ni kí ẹ wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbé ní Britain kò ní láti padà wálé kọ́ṣẹ́ yìí. Àgbàlagbà tí kò ní ìwé tó yẹ lè ṣe Access to Higher Education, ẹ̀kọ́ tó ń múra èèyàn sílẹ̀ fún yunifásítì, lẹ́yìn náà ọdún mẹ́ta ní yunifásítì, pẹ̀lú wákàtí 2,300 lẹ́nu iṣẹ́ gidi kí NMC, àjọ nọ́ọ̀sì ti Britain, tó gba orúkọ yín. Ní England, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀yáwó ìjọba máa ń gba £5,000 lọ́dún tí kò ní san padà. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò sí nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ti ní digirí nínú ohun mìíràn lè ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní accelerated BSN, bí ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀, kó tó ṣe NCLEX, ìdánwò ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì tiwọn.

Ìwé-àṣẹ NMCN, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun, àwọn ìdálẹ́kọ̀ọ́ tí àjọ là sílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lórí àkọsílẹ̀ yín kí wọ́n tó ṣe é. Ẹ kọ ọjọ́ tó máa parí sínú fóònù yín ní ọjọ́ tí ẹ bá gbà á, kí ẹ sì jẹ́ kí fóònù náà máa rán yín létí láti oṣù mẹ́fà ṣáájú.